Orúnkún Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Má-Mira

Bí ẹ bá fẹ́ mọ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Má-Mira dáadáa, àfi kí ẹ kọ́kọ́ lọ kán lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ó rí i lójú ọ̀nà tó gbé báàgì kọ́ apá, tó ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ ó sì rò pé ìyá oníwà tútù kan ló ń kọjá lọ. Irọ́ gbuu! Ẹ jẹ́ kí wọ́n tì yín wọ yàrá ẹ́síréè tó ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbé yín lé orí pátákó tútù yẹn, ìgbà náà lẹ ó mọ ohun tó fa orúkọ.

"Ẹ má mira!" Bó ṣe máa ń pariwo láti ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ nìyẹn. "Mo ní ẹ má mira! Ṣé ijó lẹ wá jó ni? Ẹ wò ó, ẹ ti ba fọ́tò jẹ́. Ó di àtúnyà!"

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ya fọ́tò eegun nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, òun sì ni ọ̀gá yàrá náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo nítorí òjé tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ kí iná ẹ̀rọ má baà jáde, aṣọ òjé méjì wà lórí ìṣó, pátákó gígùn kan wà láàrin yàrá, ibì kan sì wà lára ògiri fún àwọn tó máa dúró ya tiwọn. Inú yàrá yìí ló ti mọ àṣírí ìlú. Ó mọ ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀, torí pé apá tí ènìyàn fi gba igi kì í ṣẹ́ bí apá tí ènìyàn fi ṣubú. Ó mọ ẹni tí alùpùpù gbé ṣubú tó wá ní orí àkàbà lòun ti já bọ́. Kí aláìsàn tó jókòó, ó ti fi ojú wọn ìrìn rẹ̀, ó ti mọ ibi tí wàhálà wà. Fọ́tò ló kàn máa ń wá jẹ́rìí sí i.

"Ènìyàn lè purọ́," ló máa ń wí. "Fọ́ọ̀mù lè purọ́. Dókítà náà lè purọ́, mo ti rí i rí. Fọ́tò tèmi kì í purọ́." Ẹni tó bá jiyàn, etí rẹ̀ á gbọ́ ohun tí kò retí.

Ohun kan sì wà tí kì í fi ṣeré rárá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ORÚNKÚN ẸNI TÓ BÁ TI LÉ LÓGÓJÌ ỌDÚN, ÌDÚRÓ NI KÍ Ẹ YÀ Á. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro. Láàrin eegun itan àti eegun ojúgun, ohun rírọ̀ kan wà tí Ọlọ́run tẹ́ síbẹ̀ kí eegun má baà máa ha eegun. Bí ọjọ́ bá ń lọ, pàápàá lára ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ohun rírọ̀ náà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá wá dá onítọ̀hún dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ ò ru ẹrù kankan, eegun méjèèjì á jìnnà síra wọn, fọ́tò á sì dára bí orúnkún ọmọge. Àmọ́ tí ẹ bá ní kó dìde, kó gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ náà, ìgbà yẹn lẹ ó rí i pé nǹkan kan ò sí láàrin mọ́, eegun ti jókòó lórí eegun. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dá awakọ̀ kan dùbúlẹ̀ ya orúnkún rẹ̀ nígbà kan, torí pé ó ń kánjú lọ sílé. Má-Mira lé e jáde nínú yàrá bí ẹni lé adìyẹ, lójú aláìsàn.

Ìdúró yẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, iṣẹ́ ẹnu náà ni. Ẹni tí orúnkún ń dùn kì í fẹ́ gbé ara lé e, á máa dọ́gbọ́n yẹ̀ ẹ́ sórí ìkejì. Èèyàn gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Wàá bẹ̀ ẹ́, wàá pariwo mọ́ ọn, wàá dì í mú, wàá tún bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná, kí n sọ ti ọ̀tá rẹ̀ fún yín.

Ọ̀tá náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alágbàfọ̀. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Alágbàfọ̀ wà ní ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn, níbi tí ooru ti ń rú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, orí ìdúró ló sì ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ilé kan náà ni wọ́n tún jọ ń gbé. Má-Mira àti ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, Alágbàfọ̀ wà lókè. Odindi ọdún méje ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni o. Odì gidi ni wọ́n yàn. Bí Alágbàfọ̀ bá rí i pé omi ń ṣòfò nísàlẹ̀, ògiri ló máa bá sọ̀rọ̀: "Ògiri, ṣé o rí àwọn tó rò pé bàbá wọn ló gbẹ́ kànga?" Má-Mira náà á rán ògiri sí i padà: "Ògiri, bá mi sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ ló ń ṣọ́ omi." Ká ní ògiri yẹn lẹ́nu, ì bá ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Àwọn mọ̀lẹ́bí wá parí ìjà títí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n lọ. Ọkọ Má-Mira, gbẹ́nàgbẹ́nà tí kì í fẹ́ wàhálà, "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀" ni tirẹ̀ nígbà gbogbo.

Kí ló fa odì? Ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, Má-Mira lóyún, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá a. Ọjọ́ tó mọ̀ gan-an ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú yàrá lọ sídìí ìwé kíkọ. Báàjì kékeré tí wọ́n máa ń fi sáyà láti ka iye iná ẹ̀rọ tó kan ara wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, iná ò kàn án rárá. Oyún náà pé oṣù mẹ́rin, ó sì wálẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, dókítà ṣàlàyé títí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn wá kí i, tí pálọ̀ kún fọ́fọ́, Alágbàfọ̀ dìde láàrin wọn.

"Kí lẹ ń bá a kẹ́dùn fún?" ló wí. "Ẹni tó ń fi iná yan eegun ọmọ ọlọ́mọ látàárọ̀, ṣé inú tirẹ̀ niná máa fò? Ó ti fi ẹ̀rọ yan ọmọ àbúrò mi sínú ara rẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi o, ẹnì kan ò ní "Ẹ gbẹ́nu dákẹ́" nínú gbogbo àgbà tó jókòó síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn bi ìyàwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà pé ṣé kò lè wá iṣẹ́ mìíràn ṣe ní ilé ìwòsàn yẹn ni. Oyún mìíràn ò sì wá mọ́. Tí ẹ bá ní ó yẹ kó ti gbàgbé, èmi ò bá yín sí níbẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, ta ló wọlé? Alágbàfọ̀ ni, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Orúnkún òsì, ni dókítà kọ síbẹ̀, kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ ǹlẹ́. Alágbàfọ̀ fi fọ́ọ̀mù sórí tábìlì bí ẹni ju egungun fún ajá. Má-Mira wo fọ́ọ̀mù, ó wo òkè àjà, ó fi ìka han pátákó. Alágbàfọ̀ gun orí rẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Má-Mira gbé ẹsẹ̀ náà sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, bí ẹni ń to igi ìdáná. Kò tilẹ̀ ní "Ẹ má mira." Ìkórìíra ti mú kí ẹni tó dùbúlẹ̀ gan pa. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ó ti tán. Ó fi ìka han ilẹ̀kùn.

Kí ló dé tí kò ní kó dìde dúró? Páálí wà lára ògiri lókè orí wọn. Ó mọ̀. Mo ní ó mọ̀! Àmọ́ láti mú ènìyàn dúró dáadáa, àfi kó la ẹnu. Láti dá ènìyàn dùbúlẹ̀, ìka kan ti tó. Ó sì ti búra pé títí òun á fi kú, òun ò ní la ẹnu sí obìnrin yẹn.

Dókítà tó ń ka fọ́tò, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní Olójú-Mẹ́rin nítorí gíláàsì rẹ̀, wo àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó rí i pé ẹni tó ṣọ́ra jù lọ nílé ìwòsàn ló yà á, kò sì béèrè nǹkan kan. Ó kọ ọ́ pé: àárín eegun gbòòrò dáadáa, kò sí àìsàn kankan.

Ẹ wá wo ohun tí ìwé yẹn ṣe. Ṣé ẹ rí i, Alágbàfọ̀ ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ ìjókòó, kí òun máa ka aṣọ, kí òun máa rán bọ́tìnnì, torí pé orúnkún fẹ́ pa òun. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ, ọkùnrin kan tí kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ní kó lọ mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí dé, ó ní kò sí nǹkan kan. Ọkùnrin náà lẹ ìwé ọ̀hún mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń kọjá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Alágbàfọ̀, ẹ kú orúnkún!" "Ẹ bá wa fò sókè ká wò ó!" Wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ tó tóbi jù, níbi tí ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin kan mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun ò lè ṣe é mọ́. Wọ́n bá fún un ní ìwé pé kó wá dúró níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní lé e dànù fún irọ́ pípa. Ó ku ọdún méjì péré kó fẹ̀yìn tì.

Ọkọ Má-Mira ló mú ìròyìn náà wálé. "Wọ́n máa lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́bọ̀," ló wí. "Wọ́n ní fọ́tò tìẹ ló fi hàn pé irọ́ ló ń pa."

"Fọ́tò mi kì í purọ́," ni Má-Mira fi dá a lóhùn, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn, kí n má tàn yín. Ó sùn bí ọmọ ìkókó lọ́jọ́ náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti jáde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì lábẹ́ àtẹ̀gùn, ló bá gbọ́ gìrì lókè. Ó gbójú sókè. Alágbàfọ̀ ni, ẹ̀yìn ló fi ń sọ̀kalẹ̀. Ó di irin àtẹ̀gùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, á dúró, á mí, á tún gbé ìkejì. Nígbàkúùgbà tó bá gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì, orúnkún náà á yẹ̀ síta bí ọrun tí wọ́n fà. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà nísàlẹ̀. Ohun tó dun Má-Mira jù nìyẹn. Ẹni tó ń purọ́ á wá òǹwòran, obìnrin yìí ò ní òǹwòran kankan.

Ènìyàn lè di ojú rẹ̀ sí ọ̀tá, àmọ́ kò lè di ojú iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ti fi ojú yẹn sí i lórí. Ó dé ibi iṣẹ́, ó ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó lẹ́wà. Ilẹ̀ inú rẹ̀ dúdú, etí eegun mọ́lẹ̀ kedere, àlàfo wà láàrin. Fọ́tò tó dára jù lọ tó yà lọ́dún náà ni, irọ́ sì ni láti òkè délẹ̀. "A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Orí ló bí mi nínú, kí ló kàn mí kan orúnkún?"

Ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kí ọkọ rẹ̀ lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá tún fọ́tò yà. Ọkọ lọ, ọkọ bọ̀. "Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé fọ́tò tó o yà ti pa àwọn tán, àwọn ò wá gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

"Ẹ̀yin máa fi sílẹ̀!" ni Má-Mira wí, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ. Láti ọdún méje, kò dé òkè yẹn rí. Ó kan ilẹ̀kùn. Alágbàfọ̀ jókòó, ó fi aṣọ gbígbóná di orúnkún.

"Ẹ wá ká tún fọ́tò yẹn yà lọ́la."

Alágbàfọ̀ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó wo abẹ́ àga, ó wo òkè. "Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbí?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Háà! Mo rò pé wọ́n ti rán ẹnu ẹ pa ni."

"Ẹ máa bú mi lọ, mo ti gbọ́. Fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ náà ò dára. Orí ìdúró ló yẹ kí n ti yà á."

"Kí ló dé tí o ò fi yà á bẹ́ẹ̀?"

Irọ́ tó dára mẹ́rin ló wà lẹ́nu Má-Mira, ó lè ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ó lè ní fọ́ọ̀mù ò sọ. "Mi ò fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀," ló wí.

Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Nítorí pé o ò fẹ́ la ẹnu! O sọ mí di onírọ́ láàrin àwọn ọmọ tí mo lè bí. Oṣù méjì ni mo fi tẹ irin yẹn mọ́lẹ̀. Mò ń sunkún nínú ilé ìtọ̀, mò ń rò ó pé bóyá orí mi ló dàrú, pé bóyá kò dùn mí lóòótọ́. Ìkà ni ẹ́."

"Ẹ wá láago méje, kí èrò tó pọ̀."

"Jáde nílé mi!"

Àmọ́ ó wá. Kí ló fẹ́ ṣe? Lọ́jọ́rú, aago méje kù díẹ̀, ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹ ò tíì rí ìjà tó rí báyẹn rí. Má-Mira mú un lọ síbi ìdúró lára ògiri, ó ní kó gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ òsì.

"Mo ti gbé e lé e."

"Ẹ ò gbé e lé e. Ọ̀tún lẹ fi dúró. Ṣé ẹ rò pé mo fọ́jú ni?"

"Ó ń dùn mí, ìwọ ẹni ibi yìí!"

"Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín! Kó dùn yín sí i! Ẹ gbé ara lé e!"

"Ṣé o fẹ́ pa mí kí o lè gba ilé ni?"

"Ta ló fẹ́ ilé tí eku ti jẹ òrùlé rẹ̀ tán? Ẹ di èjìká mi mú. Mo ní ẹ dì mí mú!"

Alágbàfọ̀ dì í mú, kì í ṣe èjìká, ọrùn ni, ó sì fi èékánná sí i. Ó gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì, igbe tó ké mú kí nọ́ọ̀sì kan sáré wá kan ilẹ̀kùn. Ojú Má-Mira náà ti kún fún omi. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré lọ sẹ́yìn ògiri, ó tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí fọ́tò jáde, àwọn méjèèjì jọ wò ó. Kò sí àlàfo. Apá inú eegun itan ti jókòó pátápátá lórí eegun ojúgun, etí rẹ̀ ti hù ṣónṣó ṣónṣó.

"Ẹ ò purọ́," ni Má-Mira wí.

"Mo ti mọ̀ pé mi ò purọ́. Ṣé èmi lo fẹ́ sọ fún ni?"

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹni mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì níwájú Alágbàfọ̀: alákòóso ilé ìwòsàn, Olójú-Mẹ́rin, àti ọ̀gá ilé ìfọṣọ tó kó ìwé rẹ̀ dání bí ẹni tó fẹ́ jáwé lé ayálégbé lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Má-Mira. Ó wọlé fúnra rẹ̀, ó gbé fọ́tò méjèèjì síwájú wọn, èyí tó dùbúlẹ̀ àti èyí tó dúró.

Olójú-Mẹ́rin wò wọ́n, ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wò wọ́n. "Ta ló ya ti àkọ́kọ́ yìí lórí ìdùbúlẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ? Ìwọ tó kọ páálí sára ògiri?"

"Èmi náà ni. Odì wà láàrin èmi àti wọn. Mi ò fẹ́ la ẹnu, ni mo fi dá wọn dùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dára nígbà tí mò ń ṣe é."

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ rọra ń kó ìwé rẹ̀ padà sínú fáìlì. Alákòóso ní kí Alágbàfọ̀ má bínú, wọ́n máa fún un ní iṣẹ́ ìjókòó, wọ́n á sì fi í hàn dókítà eegun. Ó wá bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ lórí ohun tí Má-Mira ṣe, torí tí kò bá kọ, àwọn lè fi ẹnu lásán bá a wí, kó sì parí síbẹ̀. Tó bá kọ, ọ̀rọ̀ náà á wọ ìwé iṣẹ́ Má-Mira títí ayé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ní kó fojú fò ó.

"Ẹ fún mi ní bírò," ni Alágbàfọ̀ wí. Ojú ewé méjì ló kọ kún.

Wọ́n gba ipò ọ̀gá yàrá lọ́wọ́ Má-Mira. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, kó tó lè padà wá fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lé bí adìyẹ nígbà kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó gbà á, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó sunkún lójú ọ̀nà bó ti ń lọ sílé, ó ń fi etí aṣọ nu ojú bí ọmọ tí wọ́n lé nílé ẹ̀kọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó ń ká aṣọ ní pálọ̀, ó gbọ́ gìrì lórí àtẹ̀gùn. Ó pẹ́ kí ìró náà tó dé ìsàlẹ̀. Alágbàfọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

"Mo kọ ọ́, mi ò sì kábàámọ̀," ló wí.

"Ta ló bi yín?"

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán." Ó fara ti ilẹ̀kùn. "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn nípa oyún. Kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ọwọ́ Má-Mira dúró lórí aṣọ.

"Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ẹ ti sọ fún mi kí n tó dé pálọ̀ yìí. Ó ní iná ò kàn ẹ́ rárá. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Àbúrò mi ń sunkún bí ọmọdé, inú ń bí mi, mò ń wá ẹni tí màá dì í rù. Ìwọ ló wà nítòsí."

"Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, nígbà tí ẹ ń sọ ọ́."

"Mo mọ̀."

Ẹ̀yin tó ń retí kí wọ́n dì mọ́ra, ẹ máa retí lọ. Má-Mira dìde, ó wọlé, ó mú bébà kan àti bírò jáde. Ó fi wọ́n sórí tábìlì, ó fa àga síbẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́. Bí ẹ ṣe kọ tèmi."

"Kí n kọ kí ni?"

"Ohun tí ẹ sọ, àti pé irọ́ ni, àti pé ẹ mọ̀. Ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ kọ déètì síbẹ̀."

Alágbàfọ̀ jókòó, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta ni. Ó tì í sọ́dọ̀ Má-Mira.

Má-Mira ò mú un. "Ẹ kà á sókè."

"Ṣé o ò rí i kà ni?"

"Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ọkọ mi wà nínú yàrá."

Ojú Alágbàfọ̀ yí sí ilẹ̀kùn yàrá. Ó gbé bébà náà sókè, ó kà á, ohùn rẹ̀ ò le, àmọ́ ó já gaara: "Mo sọ lójú gbogbo ènìyàn pé iná ẹ̀rọ ìyàwó àbúrò mi ló pa ọmọ inú rẹ̀. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń sọ ọ́, mo sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méje."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọkọ rẹ̀ jáde wá, ó dúró. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ fìrí, ó sì gbé ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin náà gbà á gbọ́," ni Má-Mira wí.

Ọkùnrin náà ò sẹ́.